Orúkọ Tí Wọn Ò So Pọ̀

Kò sí péèjì kankan rí? Ẹ tún un sọ, Ọ̀gá Bartholomew. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí gbogbo Kétu gbọ́ ọ. Ẹ jókòó sí ọ́fíìsì yín lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé fóònù sẹ́nu, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ará ọjà Mile 12 lórí WhatsApp pé Oyin ò kọ àlàyé kankan sílẹ̀ rí. Ẹ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Démiládé, kí wọ́n lọ bi Oyin. Ẹ wá fi àdúrà parí ẹ̀, ẹ ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Àmín o. Ṣùgbọ́n èmi náà lẹ́nu, ó sì ti tó àsìkò tí mo máa là á.

Ruqoyah lorúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n Oyin ni mí, ìyá kan, bàbá kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe ní Ìkòsí. Mi ò lọ yunifásítì, kò sì sí tíṣà tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Etí ni mo fi kọ́ ọ. Oyin ò lè ṣe nǹkan kó má sọ ọ́, ó sì fẹ́ràn kó máa wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ṣiṣẹ́, torí iná ibẹ̀ máa ń dúró ju tilé lọ. Kí n máa tú ẹ̀rọ, kóun máa tẹ kọ̀ǹpútà, kó máa sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé mi ò mọ̀ ọ́n, kó dúró gbọ́ ọ tán ná.

Kí ẹ tó mọ irú ẹni tí Oyin tí wọ́n ń pè lájẹ̀ẹ́ yìí jẹ́, ẹ gbọ́ ti bàbá wa. Àbúdù lorúkọ ẹ̀, ará Ìsẹ́yìn. Ẹrù ló ń so ní Mile 12. Ọkọ̀ ńlá á ti òkè ọya dé, wọ́n á já ata, wọ́n á já tòmátì, àwọn oníbàárà á rà á, wọ́n á tún dì í sínú ọkọ̀ kékeré tó ń lọ Ṣàgámù, tó ń lọ Ẹ̀pẹ́. Bàbá wa ló ń fi okùn so agbọ̀n mọ́ agbọ̀n, kó má baà dà sílẹ̀ ní gálópù. Oyin ló máa ń bá a di orí okùn mú, nígbà tí kò tíì ga tó táyà. Bàbá á fa okùn yẹn títí iṣan ọrùn ẹ̀ á fi yọ, á wá sọ fún ẹlẹ́rù pé: “Ẹrù tẹ́ ò bá so pọ̀, ọ̀nà ló máa pín in fún yín.” Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ó ti sú wa.

Oyin ò gba iṣẹ́ okùn. Ó ní ọwọ́ òun ò gbọ́dọ̀ le. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni o. Oyin máa ń ṣe fọ́ńté, ó fẹ́ràn lọ́fínńdà olóòórùn líle, tó bá sì mọ nǹkan kan, á rí i dájú pé ìwọ náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ṣiṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Kétu, ó ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀gá Bartholomew ti rí i, tó ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀gá yìí, iṣẹ́ gidi ni, mi ò ní bà á jẹ́ nítorí ìjà. Àwọn ìyá tó ń ta ata, ọwọ́ wọn kì í gbẹ, wọn ò ráyè ka text. Bartholomew wá ṣètò pé kí fóònù máa pè wọ́n, kó máa fi ohùn olórí wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ dé, fóònù á pè: “Ọkọ̀ ti dé o, ẹ jáde wá.” Ohùn tí wọ́n mọ̀ ni, wọ́n á jáde. Olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ló gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ní ègé-ègé, ó sì dárúkọ gbogbo èèyàn tó wà lábẹ́ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á wá máa mú ègé ọ̀rọ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé orúkọ, bí èmi ṣe ń rí télọ̀ tó ń rán apá aṣọ mọ́ ara aṣọ.

Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bó ṣe máa rán an ni ìwé àṣẹ kan tó wà nínú ẹ̀. Ìlà-ìlà ni wọ́n kọ ọ́: kó tibí, gé tọ̀hún, lẹ̀ wọ́n pọ̀, fi ránṣẹ́. Lójoojúmọ́, ní ọ̀sán gangan, kọ̀ǹpútà á ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì tún gbogbo ẹ̀ tò látìbẹ̀rẹ̀. Èdè àṣẹ yẹn, Bartholomew fúnra ẹ̀ ló hùmọ̀ ẹ̀, kò sí níbòmíràn láyé. Ẹni tó bá máa lò ó, àfi kí wọ́n ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ Oyin nìyẹn. Òun ló ń kọ péèjì tó ń ṣàlàyé àṣẹ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá lò ó ní ìlòkulò.

Nínú gbogbo péèjì yẹn, ọ̀kan wà tí Oyin fẹ́ràn jù. Ó kà á sí mi létí títí tí mo fi lè kà á lórí. Kọ̀ǹpútà yẹn, ibi tó bá ti rí àyè láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ó gbà pé nǹkan méjì lo kó fún un. Tó o bá fẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo ni, o gbọ́dọ̀ fi àmì há a, àwọn àmì kékeré yẹn tó máa ń dúró ní méjì-méjì lókè bí èékánná ẹyẹ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Oyin ní, “Àǹtí mi, okùn bàbá wa náà ni. Òun ni mo sá fún, òun ni mo tún bá níbí.”

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíì. Níbòmíràn, wọ́n á kọ Cecilia, á parí síbẹ̀. Olórí àwọn aláta, Cecilia Ṣóbọ̀wálé ló ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Mummy Démiládé ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọkùnrin tó ń kọ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, Muideen, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, kí n wá kọ Cecilia lásán, bíi pé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ?” Ló bá kọ Mummy Demilade. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ gbogbo àwọn àgbà tó kù, Mummy Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Àwọn ọmọ wọn tó ń bá wọn tajà ńkọ́? Ó kọ tiwọn láìfi nǹkan kan síwájú ẹ̀. Démiládé gan-an ní ìsọ̀ tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀. Torí náà ìyá wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, orúkọ ọmọ sì wà nínú orúkọ ìyá.

Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ yo. Tí ẹnì kan nínú wọn bá kú, wọ́n á kọ yo, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á yọ onítọ̀hún kúrò, á wá fi ohùn olórí pe gbogbo wọn pé lágbájá ti jáde láyé, kí wọ́n pa ìsọ̀ dé lọ́sàn-án yẹn. Àṣà ọjà ni, ó ti wà kí fóònù tó dé. Tó bá jẹ́ olórí fúnra ẹ̀ ló kú, ohùn ẹ̀ náà á kúrò, ti igbákejì ẹ̀ á bọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Oyin ń kọ péèjì àmì yẹn, Mummy Démiládé wà ní ọ́fíìsì, ó wá gba ohùn sílẹ̀. Obìnrin sísanra, ẹ̀rín ẹ̀ máa ń mi àga. Oyin ń wá àpẹẹrẹ tó máa kọ, ojú ẹ̀ bá ti obìnrin yẹn, ló bá kọ ọ́ báyìí:

yo "Mummy Demilade"

Mummy Démiládé tẹ ọrùn wò ó. “Kí lò ń fi orúkọ mi ṣe níbẹ̀ yẹn?”

Oyin ṣàlàyé fún un.

“Háà! Oyin! O tiẹ̀ ti sin mí!”

“Mummy, àpẹẹrẹ ni o. Ẹ máa pẹ́ láyé. Ẹ wò ó, tí mi ò bá fi àmì yìí há yín, ó máa wá Mummy, kò ní rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á dákẹ́, á kọjá. Á wá mú Démiládé.”

Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú ẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Sáà so mí dáadáa. Kí n má lọ jábọ́ lé ọmọ mi lórí.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ló dárúkọ àwọn èèyàn ẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó kan Démiládé, ó ní, “Démiládé, ọmọ mi.” Oyin ní, “Mummy, orúkọ nìkan la fẹ́ o.” Ó tún un sọ: “Démiládé.” Oyin ju ti àkọ́kọ́ nù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ìgbà ọ̀yẹ́ ni Mummy Démiládé kú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni, wọ́n ní ọkàn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ tí ìròyìn kàn, Oyin wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sunkún, mò ń fi òróró sí ẹ̀rọ oníbàárà. Ọ̀gá Bartholomew pè. Ẹkún ò jẹ́ kí Oyin gbé e sétí, ló bá tẹ fóònù náà kó máa sọ̀rọ̀ síta. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ.

“Oyin, o ti gbọ́?”

“Mo ti gbọ́, Ọ̀gá.”

“Orúkọ ẹ̀ tó o kọ sí péèjì yẹn ńkọ́? Tí àwọn ẹbí ẹ̀ bá rí i?”

“Ọ̀gá, òun fúnra ẹ̀ rí i. Ó rẹ́rìn-ín.”

“Òkú kì í jẹ́rìí, Oyin. Wọ́n á ní ibí la ti pa á. Mo ti yọ ọ́.”

“Orúkọ ẹ̀?”

“Gbogbo péèjì. Bí mo ṣe ń wò ó, ara mi ò gbà á.”

“Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ orúkọ nìkan. Muideen ṣì máa nílò...”

“Lẹ́yìn ìsìnkú.” Ó pa fóònù.

Òun nìyẹn. Ẹni tó ní kò sí péèjì rí.

Wọ́n sin ín ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n padà dé. Lọ́jọ́ tí Démiládé kọ́kọ́ padà sí ìsọ̀, Muideen ronú pé kò yẹ kí ọmọ yẹn gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ lórí fóònù, tó ń sọ pé ọkọ̀ ti dé. Àánú ló ṣe é. Ó fẹ́ yọ obìnrin yẹn kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó wá péèjì àmì yẹn, kò rí i. Ó rò pé òun rántí ẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí:

yo Mummy Demilade

Mo wà ní Mile 12 lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ ra ata. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n eruku ọ̀yẹ́ bò ó, ìmọ́lẹ̀ yẹn ò ní òjìji. Fóònù kan dún ní ìsọ̀ kan. Òmíì dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Obìnrin tí mò ń bá ná ata fi èjìká gbé tiẹ̀ sétí torí ọwọ́ ẹ̀ kún. Mo rí ojú ẹ̀ bó ṣe yí padà. Ó rọra mú un kúrò létí, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, bíi pé kò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló gbọ́ ọ.

Ohùn Mummy Démiládé ni. Ohùn ẹ̀ gan-an, tó máa ń ní ẹ̀rín nísàlẹ̀. Ó ní: “Démiládé, ọmọ mi, ti jáde láyé. Ẹ pa ìsọ̀ dé lọ́sàn-án yìí.”

Kọ̀ǹpútà ò pe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń parí níbí ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohùn yẹn ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, bí ẹni tó ń wá èèyàn kan láàárín ọjà. Aláàárù kan dúró pẹ̀lú agbọ̀n lórí, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò lọ. Àwọn tó máa ń pariwo “àgò, àgò” dákẹ́. Kò sí ìgbà kankan tí Mile 12 dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ojú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tó bà mí lẹ́rù ju ohùn yẹn lọ. Àwọn obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìsọ̀. Wọn ò bi ara wọn léèrè. Olórí ti ní kí wọ́n pa á dé. Wọ́n ń fa tapólì bo ata, wọ́n ń yí agbọ̀n dé, Démiládé sì dúró láàárín wọn lóòyè, tòmátì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohùn yẹn wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Fóònù ẹ̀ dún. Kọ̀ǹpútà ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń pè, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Oyin sọ ìdí tó fi tún pè é fún mi: wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ìyá ẹ̀ náà, torí ìyá máa ń gbàgbé fóònù sílé. Ó gbé e. Ó gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀. Kó tó ronú, ó ti kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, mà.”

Ó gbọ́ ìyókù níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Muideen sáré dá a padà sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò ronú kan ìlà tó kọ. Ìlà yẹn ṣì wà nínú ìwé àṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n, kọ̀ǹpútà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bá a níbẹ̀, ó ṣe é. Wọ́n ti dá Démiládé padà, ìyá ẹ̀ tún wá mú un lọ. Ohùn yẹn tún ń rìn kiri ìsọ̀. Démiládé ti yọ síìmù ẹ̀, ó jù ú sínú gọ́tà, àmọ́ fóònù àwọn tó yí i ká ń sọ ọ́ fún un. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pa ìsọ̀. Kò sì sẹ́ni tó ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló fẹ́ gba tòmátì lọ́wọ́ òkú? Oníbàárà ẹ̀ kan tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò tipẹ́ dé iwájú ẹ̀, ó wò ó lẹ́sẹ̀, ó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀. Lóòótọ́ ni mò ń sọ.

Oyin wà nílé nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ibà dá a wó. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dìde bẹ́ẹ̀, ó so ìró mọ́ àyà, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Ó rí ìlà yẹn. Ó bú Muideen títí ọmọkùnrin yẹn fi sunkún. Ó wá fi àmì méjèèjì há orúkọ yẹn bó ṣe yẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ohùn igbákejì ló pè: “Mummy Démiládé ti jáde láyé.” Wọ́n pa ìsọ̀ dé. Ó parí. Ohùn ìyá yẹn ò tún pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Démiládé nìkan ni kò parí fún. Ó ti fi ọjà sílẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá ẹ̀, Aunty Dorothy, ní Ṣangíṣà. Kì í jẹun dáadáa, tí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, á lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á fi ọwọ́ di etí. Wọ́n ní ó ti ń pín nǹkan ẹ̀ fún èèyàn: aago ẹ̀, bàtà ẹ̀. Ẹ mọ ohun tí irú ìyẹn ń sọ.

Èmi àti Oyin lọ síbẹ̀. Aunty Dorothy dúró sẹ́nu ọ̀nà géètì, kò ní ká wọlé.

“Ẹ káàsán, mà,” Oyin kúnlẹ̀.

“Dìde. Má kúnlẹ̀ fún mi. O kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ òkú nígbà tó ṣì ń mí, ó kú. O pe ọmọ ẹ̀, ọmọ ń kú lọ yìí. Èwo ló kàn? Ṣé èmi ni?”

“Mà, àpẹẹrẹ ni. Mummy gan-an rí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni.”

“Níbo lo kọ ọ́ sí? Mo ti bi ọ̀gá yín lórí fóònù, ó ní kò sí péèjì kankan.”

Mi ò lè dákẹ́ mọ́. Mo ní, “Aunty, ẹ má bínú, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ ò lè gba méjèèjì. Tí kò bá sí péèjì, níbo ni Oyin ti kọ orúkọ òkú? Tí péèjì bá sì wà, ta ló gbé e lọ?”

Ó wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ò fẹ́ àròyé. Ó ní, “Kí Oyin wá síwájú ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ló pe Démiládé, kó tú ọmọ náà sílẹ̀. Tí kò bá wá, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn, ọrùn ẹ̀ ló wà.”

Ibẹ̀ ni Démiládé jáde. Díẹ̀ ló kù kí n má dá a mọ̀. Ọmọ tó máa ń gbé agbọ̀n tòmátì bí ẹni gbé àwo. Ó di ilẹ̀kùn mú. Oyin ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, àyè láàárín ọ̀rọ̀, àmì, okùn bàbá wa. Ó gbọ́ ọ. Mo rí i pé ó fẹ́ gbà á gbọ́, ojú ẹ̀ ń bẹ Oyin pé kó jẹ́ òótọ́. Ó wá bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

“Àǹtí Oyin, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kí ló dé tó pè mí ní ọmọ mi?”

Oyin yíjú sí mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ohun tó kù ni mo lè tú palẹ̀ bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ. Èyí nìkan ni mi ò lè tú. Oyin ti padà lọ gbọ́ ohùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà. “Démiládé” nìkan ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ tó ní “ọmọ mi” nínú, ó ti jù ú nù lójú obìnrin yẹn, kò sì sí níbì kankan tó ti wá a. Àmọ́ èmi gbọ́ ọ. Gbogbo ọjà gbọ́ ọ. Bóyá ó ṣì kù síbì kan nínú ẹ̀rọ. Bóyá kò sí níbẹ̀. Kí n má fọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tí mi ò mọ̀.

Démiládé sọ ọ̀rọ̀ kan sí i kí wọ́n tó fà á wọlé. Ó ní, “Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló yẹ kó wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni. Tó bá fi ẹnu ẹ̀ sọ ọ́ lójú mi, màá gbà. Màá padà sọ́jà.” Aunty Dorothy gbọ́ ọ, kò bá a jiyàn.

Mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ọ́fíìsì Bartholomew lọ́jọ́ náà. Muideen ní Ọ̀gá ò sí. Mo rí bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè é, fóònù ẹ̀ dún nínú yàrá kejì, ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Muideen wo ilẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá rẹ bẹ̀rù orúkọ òkú tó bẹ́ẹ̀ tó fi yọ péèjì, ó wá bẹ̀rù ohùn alààyè náà?” Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi ohùn tiẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, pé kò sí péèjì kankan rí.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, Ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ yọ ọ́, wọ́n á bi yín ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́, ẹ máa ní láti sọ fún gbogbo ọjà pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ rí orúkọ òkú, jìnnìjìnnì mú yín. Ó ń mú èèyàn. Ó mú èmi náà láàárín ìsọ̀ ata. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí ẹ ti ọmọ ọlọ́mọ síwájú kó bá yín gbé e, kí òmíì sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Ṣangíṣà, kó máa retí kí ìyá ẹ̀ tún pè é.

Ìjókòó ẹbí wà fún Sátidé. Wọ́n fẹ́ kí Oyin jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Tó bá jẹ́wọ́, Démiládé á gbà pé òótọ́ ni wọ́n pe òun, kò ní dìde mọ́. Tí kò bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé e kúrò ní Kétu. Ẹnu yín nìkan ló lè gba àwọn méjèèjì sílẹ̀. Mo ti fi àga sílẹ̀ fún yín níbẹ̀.

Ọ̀gá Bartholomew, ta ló yọ péèjì yẹn? Ẹ wá sí Ṣangíṣà, ẹ wo Démiládé lójú, kí ẹ dáhùn.